Ìsinmi Líìgì Kì í Ṣe Àkókò Oorun: Èrò Aránṣọ Kan ní Kàdúná Lórí Shooting Stars

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí ni bàbá kan tí ó ń ránṣọ ní Tudun Wada, nínú ìlú Kàdúná, fi máa ń dá àwọn ènìyàn lóhùn bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn máa ṣe nígbà tí líìgì bá wọ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún tí ó ti ń fi etí àti ọkàn bá ẹgbẹ́ náà rìn láti ìlú òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni iye ìgbà tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí wọn lórí pápá kò ju ìka ọwọ́ méjèèjì lọ.

Bàbá Aránṣọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ní ọdún 1975, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, ni ó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wá sí Kàdúná láti kọ́ṣẹ́. Kàdúná ni ó ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá, ibẹ̀ ni ó ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni ó ti bímọ, ibẹ̀ náà ni ó sì ti rí ọmọ-ọmọ. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa tí wọ́n wà ní ìlú tí kì í ṣe ti baba wọn, ó ní àwọn ohun díẹ̀ tí ó fi di ilé mú. Èkíní ni ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí kì í jẹ lóṣooṣù. Èkejì ni àmàlà tí ìyàwó rẹ̀ ń rò lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀kẹta ni Shooting Stars.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì tí ó fi ń géṣọ. Iwájú ìwé náà ni ó ń kọ ìwọ̀n àyà, apá àti gígùn ṣòkòtò àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń kọ èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Shooting Stars sí. Bí ìwé kan bá kún, a tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, a sì ra òmíràn. Láyé àtijọ́, rédíò ni ó fi ń gbọ́ èsì. Lónìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń bá a wò ó lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí èsì bá ti dé, inú ìwé ni yóò kọ ọ́ sí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀wù tí kò ya, tí kò sì yẹni

Nígbà tí sáà 2024 sí 2025 parí, Bàbá Aránṣọ fa ìlà pupa sí abẹ́ ojú ìwé náà, ó sì mí kanlẹ̀. Ẹgbẹ́ ogún ni ó du líìgì tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní sáà náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìdínlógójì ni olúkúlùkù sì gbá. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ni ó gba ife. Rivers United ti Port Harcourt ṣe ipò kejì, Abia Warriors sì ṣe ipò kẹta. Kwara United ti Ìlọrin gba ife ìdíje àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ní ọdún 2025 kan náà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni a yàn láti lọ ṣojú Nàìjíríà nínú àwọn ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ìsàlẹ̀ tábìlì, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ wà lára àwọn tí ó jábọ́.

Níbo wá ni Shooting Stars wà? Wọn kò sí lára àwọn tí ó jábọ́, wọn kò sì sí lára àwọn tí ó ń di ẹrù láti lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan ní Ìbàdàn lè máa dúpẹ́ pé ẹgbẹ́ kò ṣubú. Bàbá Aránṣọ kò bá wọn dúpẹ́. Èdè iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi sọ èrò ọkàn rẹ̀: “Ẹ̀wù tí kò ya ni, ṣùgbọ́n kò yẹni. Bí oníbàárà bá gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò ní bá mi jà, àmọ́ kò ní padà wá mọ́.”

Ohun tí ó ń dùn ún jù ni pé kì í ṣe òkè òkun ni àwọn tí ó ṣe dáadáa ti wá. Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ìlọrin kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí aládùúgbò ẹni bá ń kọ́lé, tí ilé tẹni kò sì kúrò ní ìpìlẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ń fi ọjọ́ wa ṣe.

Àwọn méjì tí ó jọ ṣubú

Ọ̀rọ̀ Remo Stars ni Bàbá Aránṣọ fi ń ṣe àpẹẹrẹ ní gbogbo ìgbà, nítorí pé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìwé. Ní ọdún 2017, Shooting Stars àti Remo Stars jọ jábọ́ kúrò nínú líìgì gíga ni. Ní ọdún 2021, àwọn méjèèjì jọ gòkè padà ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀nà wọn yà. Remo Stars ṣe ipò kẹta ní 2022. Wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023. Wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024. Wọ́n sì gba ife ní 2025. Àkàbà ni wọ́n ń gùn, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń gbé e.

Kí ni ìyàtọ̀? Àwọn kan ní owó ni. Bàbá Aránṣọ kò jiyàn pé owó wà níbẹ̀, nítorí ẹnì kan ni ó fi owó ara rẹ̀ dá Remo Stars sílẹ̀, nígbà tí Shooting Stars jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí a wo ohun tí a fi owó náà ṣe. Remo Stars ní pápá tiwọn ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n sì ní ilé ìkọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́, Beyond Limits, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ dàgbà kí wọ́n tó fà wọ́n sínú ẹgbẹ́ àgbà. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá lọ, òmíràn ti wà nílé tí ó mọ bí a ti ń ṣe é. Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọmọ rẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan

Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù náà ní ìrọ̀lẹ́ a máa fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà mìíràn pé ìtàn àtijọ́ ni ó ń jẹ. Ó ní òun kò ka ìtàn náà láti fi yangàn. Òun ń kà á láti fi mọ ọ̀nà ni.

Ní ọdún 1976, nígbà tí IICC Shooting Stars ni orúkọ ẹgbẹ́ náà ń jẹ́, wọ́n kojú Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n pàdánù ní Káírò pẹ̀lú góòlù méjì sí òdo. Wọ́n dá méjèèjì padà ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi pẹ́náritì borí. Nínú àṣekágbá, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan ní Ìbàdàn. Góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n fi pàdánù nígbà tí wọ́n dé Kamẹrúùnù. Báyìí ni Shooting Stars di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó ti rédíò ọ̀gá rẹ̀ ní Kàdúná nígbà náà kò tíì gbàgbé ariwo “Up Súútìn!” tí àwọn ọmọ Yorùbá fi gba àdúgbò náà kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ náà kò túká. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdàṣírù Láwàl àti aṣọ́lé Best Ogedegbe wà papọ̀. Wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè ní 1977, wọ́n sì tún gbà á ní 1979. Nígbà tí Nàìjíríà na Àljíríà ní góòlù mẹ́ta sí òdo ní Èkó, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ọdún 1980, tí a sì gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ Shooting Stars ni ó gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé: Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Láwàl gbá ẹyọ kan. Ogedegbe sì ni ó ń ṣọ́lé. Ẹgbẹ́ náà gba líìgì ní 1980 àti 1983, wọ́n sì dé àṣekágbá ìdíje tí ó ga jù lọ ní Áfíríkà ní 1984, níbi tí Zamalek ti gba ẹ̀san lára wọn. Ọdẹ́gbàmí kò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1992, wọ́n gbá òdo sí òdo pẹ̀lú SC Villa ní Kampala, wọ́n sì fi góòlù mẹ́ta sí òdo gba ife CAF ní Ìbàdàn. Ní 1995, wọ́n gba líìgì àti ife orílẹ̀-èdè papọ̀. Ní 1996, wọ́n tún kojú Zamalek nínú àṣekágbá. Pẹ́náritì ni ó ya wọ́n ní Káírò. Wọ́n gba líìgì ní 1998. Láti ìgbà náà títí di ìparí sáà 2025, ife líìgì kò padà sí Adámásìngbà mọ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ọmọ tí a bí ní ọdún náà ti lè máa gbé ọmọ tirẹ̀ jó.

Ohun mẹ́ta tí Bàbá Aránṣọ ń fẹ́

Ó ní ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù túká kí a tó jókòó sọ̀rọ̀. Lójú rẹ̀, ọjọ́ tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn bá parí ni iṣẹ́ sáà tuntun bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ni àti àwọn alákòóso pe olúkúlùkù, kí wọ́n sọ fún ẹni tí yóò dúró pé yóò dúró, kí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí yóò lọ. “Bí mo bá lé gbogbo ọmọṣẹ́ mi lọ ní ìparí ọdún,” ni ó wí, “tí mo kó mẹ́wàá mìíràn wọlé nígbà tí ọdún kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ta ni yóò bá mi rán aṣọ ọdún?”

Ohun kejì ni owó. Kí a san gbogbo ohun tí ó tọ́ sí agbábọ́ọ̀lù kí ó tó lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tí a jẹ lówó kò lè fi ọkàn kan ṣe ìmúrasílẹ̀.

Olùkọ́ kan tí ó máa ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù náà ta ko Bàbá níhìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Bí a bá tilẹ̀ san án, ẹgbẹ́ òkè òkun yóò fi ìlọ́po mẹ́wàá pè wọ́n. Ta ni yóò dá ọmọ ọlọ́mọ dúró kí ó má lọ wá ire tirẹ̀? Àwa tí a wà níbí ńkọ́, ṣé kì í ṣe ire ni a wá dé Kàdúná?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì gbà pé òótọ́ ni. Ó ní òun kò sọ pé kí a fi okùn so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ohun tí òun ń wí ni pé kí ẹni tí ó ń lọ má ṣe bá àyè rẹ̀ lọ. Èyí ni ó sì gbé e dé orí ohun kẹta, èyí tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù.

Kí wọ́n wá ọmọ kiri, kí wọ́n sì wá wọn dé ọ̀dọ̀ àwa tí a wà lájò: èyí ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí a wo Ọdẹ́gbàmí. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni ó ti dàgbà, St. Murumba’s College ní Jọ́ọ̀sì ni ó ti kàwé, kí ó tó lọ sí Ìbàdàn. Kí a wo Ràṣídì Yẹkíní. Kàdúná yìí ni a bí i sí ní 1963, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ará Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ni ó ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Ní 1982, Shooting Stars mú un lọ sí Ìbàdàn. Ní ọdún kejì, wọ́n gba líìgì. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà, ní 1993. Òun náà ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ìdíje ife àgbáyé, nígbà tí a kojú Bùlùgéríà ní Amẹ́ríkà ní 1994.

Ọmọ àwọn tí ó lọ ṣiṣẹ́ lájò ni àwọn méjèèjì. Àwọn ni ẹni tí a ń pè ní ọmọ Yorùbá níbi tí wọ́n gbé dàgbà, tí a sì ń pè ní ọmọ Òkè-Ọya bí wọ́n bá dé ilé. Shooting Stars ni ó sọ wọ́n di ọmọ onílé. Ṣùgbọ́n UNTL ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007, àwọn ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ kò sì pọ̀ mọ́. Ta ni yóò wá rí Yẹkíní mìíràn báyìí, bí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ gbẹ ní Tudun Wada?

Ọ̀rọ̀ ọmọ inú ilé

Àwọn tí ó mọ Bàbá Aránṣọ dáadáa mọ ìdí tí ohùn rẹ̀ fi ń yí padà bí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ń bá a wo èsì lórí fóònù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ bọ́ọ̀lù. Ó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn lórí, èsì Shooting Stars sì jẹ́ iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ fún bàbá àgbà. Ní ìsinmi ọdún 2025, ẹnì kan láti ilé sọ fún Bàbá pé bí sáà bá parí, àwọn ẹgbẹ́ a máa pe àwọn ọ̀dọ́ wá dán ẹsẹ̀ wọn wò. Kíá ni Bàbá ti pinnu láti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì mú ọmọ náà lọ sí Ìbàdàn.

Ìyá ọmọ náà, tí í ṣe ọmọ bíbí inú Bàbá Aránṣọ, kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe é. Ọmọ náà ní ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀nà kò dára. Ta ni yóò sì tọ́jú rẹ̀ ní Ìbàdàn bí wọ́n bá gbà á?

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé rẹ̀ fún un. Ó dárúkọ Láwàl, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó dárúkọ Yẹkíní, ó sì dárúkọ Ọdẹ́gbàmí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ dáhùn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀: “Bàbá, Yẹkíní tí ẹ ń wí, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni ó kú ní 2012, kò sì rí ọjọ́ ogbó tí ẹ̀yin ń rí yìí. Ọdẹ́gbàmí ńkọ́? Ẹ̀yin náà ni ẹ sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré pé ó lọ sí Pólì Ìbàdàn. Ẹ ní kí n kàwé bíi tirẹ̀. Ṣé ti ọmọ tèmi ni kò ní rí bẹ́ẹ̀?”

Bàbá Aránṣọ dákẹ́. Ẹni tí ó ti ń fi ìtàn dá gbogbo ènìyàn lóhùn láti ọdún yìí wá, ìtàn kan náà ni ọmọ rẹ̀ fi dá a lóhùn. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó ní òdodo ni ó sọ. Ó ní bí òun bá ń bẹ Shooting Stars pé kí wọ́n má fa ọmọ tí kò tíì gbó, kí òun náà má ja ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ ní àìpọ́n. Wọ́n wá fi ohùn ṣọ̀kan pé kí ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe ìdánwò rẹ̀ parí. Ní ìsinmi líìgì tí ó bá tẹ̀lé e, Bàbá yóò mú un lọ. Bí wọ́n bá gbà á, inú gbogbo wọn yóò dùn. Bí wọn kò bá gbà á, yóò ti rí Ìbàdàn, yóò dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí àwọn ẹbí rẹ̀, yóò sì padà wá máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí pápá ṣe parí nínú ilé. Àwọn alákòóso ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, nítorí ọgbọ́n kan náà ni: kí a má kánjú tú ohun tí ó wà nílẹ̀ ká, kí a sì má sùn títí àkókò yóò fi kọjá. Àwa tí a wà ní ìlú onílùú náà ní iṣẹ́ tiwa. Ọmọ tí kò mọ orúkọ àwọn akọni ilé rẹ̀, a kò lè dá a lẹ́bi bí kò bá fẹ́ lọ sí ilé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, ọmọ náà wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ ní Kàdúná níbí ni wọ́n bí Yẹkíní sí lóòótọ́?” Bàbá Aránṣọ ṣí àpótí, ó wá èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn ìwé náà jáde, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1976.